Ojú Mi Là ní Ọ̀tà

Nínú gbogbo ọmọ Èjìgbò tó ti gbé báàgì kúrò nílé rí, kò sí ẹni tí ohun tó mú bọ̀ tó tèmi. Ẹ lọ wádìí. Àwọn tó ti Àbíjàn dé, kí ni wọ́n mú wá? Lọ́fíńdà, bàtà, àtíkẹ́ nínú ọ̀rá, àti gbólóhùn Faransé mẹ́ta tí wọ́n á máa pín kiri àdúgbò títí ọdún á fi yí po. Èmi, ẹyinjú ni mo mú wá. Odindi ẹyinjú, tuntun, tó ń dán. Mo fi ojú kan jáde nílé, mo fi méjì wọlé. Ta ló tún ṣe irú ẹ̀ rí?

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí Sìfáwù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, tó bá mi sọ ọ́. Ẹyinjú náà, ike ni. Kò ríran. Ilẹ̀ òkèèrè tí mo sì ti lọ gbé e wá, Ọ̀tà ni. Ọ̀tà ti ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń la bọ́dà mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bọ́dà kan ṣoṣo tí èmi rí lọ́nà ni ọlọ́pàá kan tó ní kí n yọ jígí dúdú tí mo wọ̀. Mo yọ ọ́. Ó ní kí n tètè wọ̀ ọ́ padà.

Bí ọ̀kan ṣe lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo fi pólì sílẹ̀ ní ọdún kejì. Pólì ní òun lòun fi mí sílẹ̀. A ò tíì yanjú ẹ̀. Mo wá lọ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà lórí òrùlé, mo fi ọwọ́ kan di ìṣó mú, Sìfáwù ń kọjá lọ nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi ti sọ fún mi tipẹ́ pé ìṣó ni kí n máa wò. Mo wo Sìfáwù. Mo fi òòlù gbá ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣó fò, ó sì mọ ibi tó ń lọ jù mí lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ojú òsì ò ṣe é tún ṣe mọ́. Wọ́n yọ ọ́. Sìfáwù wá kí mi lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ó máa sunkún. Ó jókòó, ó wo báńdéèjì orí mi dáadáa, ó ní:

"Ó yẹ kó o wo ìṣó."

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni Àlájì, bàbá ẹ̀, ti Àbíjàn dé. Ó máa wà nílé títí wọn á fi ṣe Iléyá tán, lẹ́yìn ìyẹn ó ń padà, tó bá sì ti padà, a ò ní rí i fún ọdún méjì. Mo ní kí n tètè. Mo wọ jalabíà tí mo yá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ wọn, mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Àlájì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ máa rò pé wọ́n ń gba owó bọ́dà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹ̀ kọjá ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní:

"Ojú ẹ ò tíì là, ọmọ yìí. Lọ wá nǹkan ṣe sí i. Tó bá ti là, kó o wá bá mi."

Ẹ̀yin ará, mo fọwọ́ kan ibẹ̀. Òótọ́ ni bàbá yìí sọ. Ìpéǹpéjú òsì mi ti wọ inú, ó pa dé bíi ṣọ́ọ̀bù ẹni tó jẹ gbèsè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi ní ọsibítù pé ìyá kan wà ní Ọ̀tà tó ń ṣe ẹyinjú. Bọ̀dá Làtí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sì ń ṣiṣẹ́ ní fáktirì ní Sángo. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo di báàgì.

Ìlú tí wọn kì í kí èèyàn

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo bá èèyàn jà kí n tó rí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé gbà, kí n lè wo ìlú, apá òsì sì ni fèrèsé náà bọ́ sí. Imú ara mi ni mo wò dé Sángo.

Ní Èjìgbò, tó o bá kọjá lára àgbà láìkí i, ìyá ẹ ló máa jẹ́jọ́ ẹ. Torí náà, bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ bíríjì Sángo, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ẹ kú òwò o. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìjókòó." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ ló gbójú sókè.

"Kí lò ń tà?"

"Mi ò ta nǹkankan, Mà. Mo ní kí n kí yín ni."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, Mà."

Ó fa àpò owó ẹ̀ mọ́ra, ó sì ń wò mí títí mo fi lọ. Ìkíni ló fi mọ̀ pé olè ni mí.

Mo bèèrè ọ̀nà dé fáktirì Bọ̀dá Làtí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kẹ́ẹ̀gì. Mo tẹríba kí máígádì tó wà ní géètì.

"Oga, where you dey look?" ló fi dá mi lóhùn.

Mo ní, "Na one eye I get, sir."

"Use am read that signboard."

Mo kà á. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀. Mo lọ dúró sí òdìkejì títì láàárín àwọn tírélà, eruku ń bọ́ sí mi lẹ́nu, títí fèrè fáktirì fi dún tí èrò tú jáde bí ẹni pé ilé ń jó. Bọ̀dá Làtí wà láàárín wọn. Inú ẹ̀ dùn, ó gbá mi mọ́ra, ó wá fà mí lé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́: "Ará Òkè ni o. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ń kí yín ṣáá, ẹ má bínú."

Ará Òkè! Ilé kan náà ni wọ́n bí wa sí, kànga kan náà la pọn. Ọdún méjì péré ló fi ṣáájú mi dé Ọ̀tà o.

Ìjòkò ni wọ́n ń gbé, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, ọkùnrin mẹ́ta, ṣíftì mẹ́ta. Bí ẹnì kan ṣe ń dìde ni ẹlòmíì ń dùbúlẹ̀ sójú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ò tutù rí látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Èmi di ẹ̀kẹrin, mo sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún ẹnì kan nínú wọn ní ófátáìmù kí n lè rí oorun sùn.

Wọ́n ṣe mí lálejò o, mi ò lè parọ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n ra ìrẹsì ọ̀fadà fún mi nínú ewé, pẹ̀lú ata kan tó dúdú, tó ń wo èèyàn. Mo ní ọmọ Èjìgbò kì í bẹ̀rù ata. Ṣíbí kejì, omi ń dà lójú ọ̀tún mi. Ṣíbí kẹta, omi ń dà lójú òsì, èyí tí kò sí ńbẹ̀. Bọ̀dá Làtí fi ṣíbí ẹ̀ tọ́ka sí i, ó ní:

"Onílé ti kó lọ, omi ẹ̀rọ ò tíì dá."

Eyín àti ẹyinjú

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo lọ. Mo dá ọlọ́kadà kan dúró, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ojú."

"Ojú Òrè?"

"Rárá, ojú tèmi."

Ó wò mí. Mo ṣí jígí dúdú díẹ̀. Ó ní, "Ará Òkè, gùn. Ojú Òrè náà ni wọ́n ń tà á."

Lóòótọ́, Ojú Òrè, oríta ńlá kan ní Ọ̀tà, ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ télọ̀ kan. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó: EYÍN ÀTI ẸYINJÚ. Ìyá tó ni ín, eyín ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó fi ojú kún un, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Eléyín. Ike kan náà ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá wọlé, eyín wà nínú gíláàsì lápá ọ̀tún, wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹyinjú wà nínú àwo lápá òsì, wọ́n ń wo ohun tí eyín ń fi ṣẹ̀rín. Èmi lohun náà.

Ìyá Eléyín ti tó ọgọ́ta ọdún, ọmọ Ọ̀tà gidi. Tó bá ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo mọ̀ pé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ìdajì ni mo ń gbọ́. Tó bá kọjú sí mi, á wá sọ èyí tí àlejò lè gbọ́. Ó da nǹkan rírọ̀ kan sínú ihò ojú mi, ó tutù bí ẹ̀kọ àná. Nígbà tó le, ó yọ ọ́, ó ní bí inú ojú mi ṣe rí nìyẹn. Mo wò ó. Ó jọ ẹ̀yà ìgbín kan. Lára ìyẹn ló ti fi ìda funfun mọ ẹyinjú, ó kì í bọ̀ mí lójú, ó wá mú abẹ́rẹ́ láti fi sàmì sí ibi tí ọmọlójú máa wà.

"Wò mí," ó ní.

"Mò ń wò yín, Mà."

"Wojú mi tààrà."

"Ẹ má bínú, Mà."

Ó sàmì. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ń po ọ̀dà. Ó mú gbogbo irun búrọ́ọ̀ṣì kúrò, ó ku mẹ́ta péré, ìyẹn ló fi ń kun ojú. Ó wá mú òwú pupa wẹ́wẹ́ kan jáde, èyí tó máa fi ṣe iṣan. Ó bi mí pé, "Ṣé o máa ń sùn dáadáa?"

"Kí ló dé, Mà?"

"Mo fẹ́ mọ iye òwú tí màá lò."

Mo sọ fún un pé àwa mẹ́rin la ń sun bẹ́ẹ̀dì kan ní Ìjòkò. Ó tún fa òwú méjì sí i.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í yá. Wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á dán an. Èmi ò sì lè jókòó jẹ́ẹ́, ẹ bi pólì. Nígbà tí mo ti fọwọ́ kan gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì tán, Ìyá Eléyín ju eyín kan fún mi, ó bu ìyẹ̀fun ìdánǹkan díẹ̀ sórí àkísà, ó ní, "Dán an, kó o yéé da ẹyinjú èèyàn láàmú." Mo dán an títí mo fi rí orí ara mi nínú ẹ̀. Ó gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, mo bá eyín mẹ́ta lójú ìjókòó mi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyinjú ni mo ń dán, títí kan tèmi gan-an. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ gbọ́n ju ẹnu ẹ lọ." Mo rò pé èébú ni.

Ojú tó lẹ́kọ̀ọ́ jù

Ọjọ́ tó fi ojú náà bọ̀ mí, ó gbé òkè ìpéǹpéjú sókè, ó tì í wọlé, ó fa ìsàlẹ̀, ó ní "Ó parí." Jígí kékeré kan wà lórí tábìlì. Mo tẹrí wò ó. Ẹ̀yin ará, ọmọkùnrin kan wà nínú jígí yẹn! Ojú méjì, wọ́n bára mu. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ẹni tó bá ń lọ Èjìgbò sọ fún Àlájì pé mo ń bọ̀.

Bàbá kan láti Alápòótì wọlé báyìí. Ó ti ń lo ojú ike tipẹ́, ó wá kí wọ́n bá òun dán an ni. Mo nàró, mo kọjú sí i, mo kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bàbá wo ojú mi, ó wá wolẹ̀. Ó tún wò mí, ó tún wolẹ̀.

"Ọmọ, kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Kò sí nǹkan, Sà."

"Kí lò ń wá nílẹ̀ nígbà náà?"

"Mi ò wá nǹkankan, Sà. Ẹ̀yin ni mò ń wò."

"Ọ̀kan ló ń wò mí. Ìkejì ń kí bàtà mi."

Ìyá Eléyín fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó mú mi dúró lójú fèrèsé. Ó ní kí n wo iwájú. Ó pòṣé. Ojú ọ̀tún mi ń wo iwájú bí ọmọ èèyàn, òsì tẹ̀ sílẹ̀ bíi ti ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Nínú jígí orí tábìlì, èmi náà ti wolẹ̀ ni, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bára mu.

"Nígbà tí mo ń sàmì, ibo lò ń wò?"

"Ẹsẹ̀ yín, Mà."

"Ṣé mi ò ní kó o wojú mi?"

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀, Mà. Ìyá àgbà mi ló ní a kì í wo àgbà lójú."

Bàbá Alápòótì bú sẹ́rìn-ín, ojú tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ìyá Eléyín jókòó. "Ẹ̀bi tèmi ni," ó ní. "Ọdọọdún ni mo ń rí irú ẹ̀, mo sì ń gbàgbé. Àwọn tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ìjókòó kan, mo ti ṣe tiwọn tán. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n tọ́ lẹ ń pa mí." Ó nawọ́. "Mú un wá. Àtúnṣe ni. Kó o tó padà wá, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn."

Mo ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí Iléyá pé. Mo lọ kọ́ ìwòkuwò.

Mo kọ́kọ́ fi ewúrẹ́ kan ní Ìjòkò bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbójú kúrò, mo yọ̀. Mo wo máígádì fáktirì. Ó ní, "You don find your trouble come." Mo ní kí Bọ̀dá Làtí jókòó síwájú mi kí n máa wò ó. Kò tíì pẹ́ rárá tó ní, "Múfú, kí ni mo ṣe fún ẹ?" Mo ní kò ṣe nǹkankan. Ó ní, "Owó yẹn, màá fún ẹ." Èmi ò mọ owó kankan. Ojú mi nìkan ló gba ẹ̀jẹ́ yẹn lẹ́nu ẹ̀.

Mo padà sí Ojú Òrè. Ìda tuntun wà lójú mi, Ìyá Eléyín mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. "Wò mí." Ọrùn mi ń gbóná. Mo gbójú láti bàtà dé orúnkún, láti orúnkún dé ọrùn, mo mí kanlẹ̀, mo wò ó lójú gbòò, fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ó yíjú láti mú àkísà. Ojú ọ̀tún ẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀. Òsì dúró díẹ̀ kó tó wá tẹ̀ lé e.

Ẹnu mi ò pa dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń jókòó ti obìnrin yìí. Mo ti jẹun lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ gbogbo sálúbàtà ẹsẹ̀ ẹ̀, èyí tó ní òdòdó àti èyí tí okùn ẹ̀ já.

"Mà, ẹ̀yin náà..."

"O ti wá ń wò mí báyìí," ó ní, ó sì sàmì. "Dúró jẹ́ẹ́."

Mọ́ṣáláṣí Ìjòkò

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú náà bára mu, tí mo bá nàró, tí mo bá jókòó. Ìyá Eléyín wá kọ́ mi ní ìtọ́jú ẹ̀ bí ẹni tó ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Kí n fọ ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ọmọdé ni kí n fi fọ̀ ọ́. Sípírítì tí wọ́n fi ń nu egbò ò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí ẹ̀, á sán. Kí n má máa yọ ọ́ síta ṣáá láti fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi. (Ó ti mọ̀ mí.) Tó bá wà níta, inú omi ni kó wà. Lẹ́yìn ọdún kan, kí n gbé e wá kí wọ́n tún un dán. Èyí tó tún sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni pé tí mo bá ń nu ojú, ọ̀nà imú ni kí n máa nù ún sí. Tí mo bá nù ún síta, á bá ọwọ́ jáde.

Mo ní ó ti yé mi. Ẹ mọ̀ bí nǹkan ṣe máa ń yé mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ kírun ní Ìjòkò. Mo wọ aṣọ, mo yọ jígí dúdú, mo ń wo gbogbo èèyàn lójú káàkiri. Mo jókòó sídìí àlùwàlá láàárín àwọn àgbà, mo bu omi, mo fọ ojú, mo nù ún síta tagbáratagbára bí mo ṣe ń ṣe é láti kékeré. Ohun kan dún "tó" lórí sìmẹ́ńtì. Ó yí gbirigbiri, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà bàbá kan. Bàbá wò ó. Òun náà ń wo bàbá.

"Ọmọ," bàbá rọra ní, "ojú ẹ já."

Kò pariwo o. Bí ẹni pé fìlà mi ló já. Èyí tó dààmú wọn ni pé ṣé àlùwàlá mi ti bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Ọ̀kan ní nǹkan ti jáde lára mi, kí n tún un ṣe. Èkejì ní ike ni, ike kì í ṣe ara. Bàbá oníbútà ní, "Ẹ jẹ́ ká bi Lèmọ́mù." Èmi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bi Lèmọ́mù, mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá bá mi fi omi bútà ẹ̀ ṣan ojú náà, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Eléyín, kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú náà bóyá ó ha, ó gbé e fún mi. "Dán an." Mo dán an. Ó ń wo ọwọ́ mi.

"Múfútáù, jókòó síbí kó o kọ́ṣẹ́ yìí. Mo ń wá ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ rí báyìí tipẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà. Ẹnì kan ń dúró dè mí nílé. Bàbá ẹ̀ ń padà lẹ́yìn Iléyá, ojú tó ní kí n lọ wá náà sì rèé."

Kò bẹ̀ mí. Ó da aṣọ bo iṣẹ́ ẹ̀, ó ní kí n kí ilé.

Pálọ̀ Àlájì

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta ni mo dé Èjìgbò. Mi ò yà sílé. Mo gbé báàgì mi sẹ́nu ọ̀nà Àlájì, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde. Sìfáwù ń ká aṣọ ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. Mo na ọrùn, mo sì wo Àlájì ní ẹyinjú méjèèjì. Àlájì gbé kọ́ọ̀pù tíì ẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lò ń wò?"

"Ẹ̀yin ni, Sà. Ẹ ní kí ojú mi là. Ó ti là, Sà."

"Èwo ni wọ́n ṣe?"

"Òsì, Sà."

Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó wò ó pẹ́. Mo ti ń ronú orúkọ tá a máa sọ ọmọ àkọ́kọ́.

"Iṣẹ́ gidi ni," Àlájì ní. "Ta ló dán an báyìí?"

"Èmi ni, Sà."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Sà! Mo dán tàwọn ẹlòmíì náà. Ìyá yẹn tiẹ̀ ní kí n dúró kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, mo ní rárá o, mo ní èèyàn nílé."

Àlájì wo Sìfáwù. Sìfáwù wo àjà.

"Múfútáù."

"Sà."

"Nígbà tí mo ní ojú ẹ ò tíì là, kí lo rò pé mo ń sọ?"

Mo nawọ́ sí i. Mo fi ìka kan báyìí nawọ́ sí ojú òsì mi. Nǹkan kan dún ní kọ̀rọ̀ tí Sìfáwù wà, bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ibẹ̀ ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi, díẹ̀díẹ̀, láti ẹsẹ̀ wá.

"O fi pólì sílẹ̀," Àlájì ní. "O fi káfíńtà sílẹ̀. Èyí tó fẹnu ara ẹ̀ pè ọ́, o tún fi sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà."

Ojú ọ̀tún mi wolẹ̀ fúnra ẹ̀. Òsì dúró, ó ń wo Àlájì gbòò. Kò sí ìtìjú nínú ike.

"Padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó o bá kọ́ṣẹ́ náà tán tó o gba fìríìdọ̀m, màá ti Àbíjàn wá."

Mo jáde. Sìfáwù tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé báàgì mi, ó fi kọ́ mi léjìká. Mo dúró, mo wò ó lójú, mo fi ohùn ẹni tó ń ti ojú ogun bọ̀ bi í pé:

"Sìfáwù, ṣé wàá dúró dè mí?"

Ó ní, "O ò tíì lọ."